Ta Ni Ń Bẹ Ọ̀wẹ̀ Nínú Ìlú Ńlá?

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ran ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá kì í wá iṣẹ́ náà kiri. Iṣẹ́ náà ni í wá a wá sí ẹnu ọ̀nà. Bí àgbẹ̀ kan bá ní oko tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna rẹ̀, yóò dá ọjọ́ fún wọn, ìyàwó rẹ̀ yóò sì múra oúnjẹ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá ti mọ́, ogún tàbí ọgbọ̀n ọkùnrin yóò dé pẹ̀lú ọkọ́ ní èjìká, wọn yóò sì ṣe iṣẹ́ oṣù kan ní ọ̀sán kan. Àáró yàtọ̀ sí èyí díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí agbára wọn dọ́gba ni wọ́n máa ń ṣe é. Bí wọ́n bá ro oko Àkàndé lónìí, oko Àjàó ni ó kàn lọ́la, ẹni tí wọ́n bá sì ti ṣe tirẹ̀ tán kò gbọdọ̀ yẹra nígbà tí ó bá kan ti ẹlòmíràn. Ìbáà ṣe ọ̀wẹ̀, ìbáà ṣe àáró, orúkọ ni a fi ń pe ènìyàn sí i. Ẹni tí a pè tí kò wá, gbogbo abúlé ni yóò mọ̀.

Ìlú ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní Bẹẹrẹ, ní ìsàlẹ̀ Òkè Mápó, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, yóò rí ayé tí ń lọ tí ń bọ̀. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, wà lórí òkè, ó ń wo òrùlé páànù ìlú àtijọ́ nísàlẹ̀. Ọkọ̀ kan ń lọ sí Ọjà'ba, òmíràn ń bọ̀ láti Agodi. Alábàárù ru ẹrù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òun fúnra rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá arúgbó dúró létí títì, kò mọ ìgbà tí òun yóò lè sọdá. Ọmọdé kan ń kiri omi inú ọ̀rá, kò sì lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ọkàn rere lè dúró níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́ ní ohunkóhun ju pé kí ó kúrò lọ́nà. Yóò padà sí ilé, yóò sì sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe fún ìlú. Irọ́ gbáà ni. Iṣẹ́ kún inú ìlú fọ́fọ́. Ìpè ni kò sí.

Ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú ni pé wọ́n rò pé iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ní láti ní aṣọ tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, àti ọkọ̀ tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára. Wọ́n rò pé òkè òkun ni ó ti ń wá, àti pé ẹni tí ó bá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn nìkan ni ó ń ṣe é. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1961 fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni John F. Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ Peace Corps sílẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ rẹ̀ lè yọ̀ǹda bí ọdún méjì nínú ayé wọn fún iṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà. Nàìjíríà, tí ó gba òmìnira ní ọdún 1960, wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rán wọn sí. Àwọn 37 ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Wọ́n wọ̀ sí ọgbà Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn láti parí ìgbáradì wọn kí wọ́n tó lọ máa ṣe olùkọ́ káàkiri. Ọ̀kan nínú wọn ni Margery Michelmore, omidan ọlọ́dún 23. Ní oṣù Kẹwàá, ó kọ káàdì pélébé kan, irú èyí tí a kì í fi sínú àpòòwé, sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó sọ níbẹ̀ pé ìlú tí òun dé fani mọ́ra, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ìgbé ayé ibẹ̀ ti burú tó. Pé, yàtọ̀ sí àwọn ọlọ́rọ̀, ojú títì ni àwọn ènìyàn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Káàdì náà kò dé Amẹ́ríkà. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà, akẹ́kọ̀ọ́ kan he é, wọ́n sì dà á kọ, wọ́n pín in káàkiri. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì ní kí wọ́n lé ẹgbẹ́ náà kúrò ní Nàìjíríà. Omidan náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe irọ́ ni gbogbo ohun tí omidan náà kọ, kò sì yẹ kí a díbọ́n pé irọ́ ni. Títí di òní, ẹni tí ó bá gba Bẹẹrẹ kọjá lọ sí Ọjà'ba yóò rí ìyá tí ń din àkàrà létí títì, yóò rí alágbo tí ó tẹ́ igbá rẹ̀ sí iwájú ilé, yóò sì rí gọ́tà tí òórùn rẹ̀ kò bá ojú mu. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò a máa lójú, kò kàn fi í ríran ni. Ẹni tí ó rí iná létí títì lè má mọ̀ pé iná náà ni ó ń san owó ìwé ọmọ mẹ́ta. Ẹni tí ó rí àwọn ènìyàn tí wọ́n jókòó sí ìta láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru lè má mọ̀ pé ìta ilé ni ìgbìmọ̀ agbo ilé: níbẹ̀ ni a ti ń parí ìjà tọkọtaya, níbẹ̀ ni a ti ń fojú sí ọmọ aládùúgbò, níbẹ̀ ni a sì ti ń mọ̀ pé lágbájá kò tíì jáde láti àná, kí ẹnìkan lọ kàn án lẹ́kùn. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú káàdì náà ni ìbéèrè. Ọ̀rẹ́ tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà kò lè tún gọ́tà Ìbàdàn ṣe, ṣùgbọ́n ìyá alákàrà ìbá ti sọ fún omidan náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún ohun tí ó ń pọ́n ọn lójú.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí inú bí pẹ̀lú. Ó rọrùn láti bínú sí ẹni tí ó sọ pé ilé wa dọ̀tí. Ìgbálẹ̀ ni ó ṣòro láti mú. Láti ọgbà yunifásítì dé Bẹẹrẹ kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan. Bí ìdajì àwọn tí ó pariwo ní ọjọ́ náà bá sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e láti kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kíkà, èsì tí wọ́n ìbá fún káàdì náà ìbá dùn ju ariwo lọ. Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ omidan náà, wọn kò bá a lọ. Wọ́n dúró, wọ́n fara da ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò wọ́n, wọ́n sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí a yàn fún wọn.

Káàdì kan ṣoṣo ni ó dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀. Lónìí, ọmọ ilé ìwé tí ó ní fóònù lọ́wọ́ lè kọ irú rẹ̀ ogún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbé abọ́ ìrẹsì fún arúgbó kan, ó ya àwòrán rẹ̀, gbogbo ayé sì rí ojú arúgbó náà àti abọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n rí òun bẹ́ẹ̀. Èyí kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Òwò ni, arúgbó náà sì ni ọjà.

Ìtàn kejì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn yìí kan náà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ti káàdì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kò tó tirẹ̀. Alhaja Humuani Alága jẹ́ oníṣòwò aṣọ àti aṣíwájú láàárín àwọn obìnrin ọjà. Ní ìgbà náà, àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì rọrùn fún ọmọbìnrin Mùsùlùmí láti wọ ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó sì di ẹ̀sìn rẹ̀ mú. Àwọn ìyá rí i, wọ́n sì ń kùn. Kíkùn kò ṣòro. Ní ọdún 1958, Alhaja Alága àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀. Ní ọdún 1964, ilé ẹ̀kọ́ girama Isabatudeen ti àwọn ọmọbìnrin ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Wọn kò wá ibi tí wọ́n ti lè ṣe rere lọ sí ìlú mìíràn. Ohun tí ó ń dùn wọ́n nínú ilé tiwọn ni wọ́n fi ṣe ìpè. Kí a sì fojú sí ọdún méjèèjì yẹn. Ọdún mẹ́fà ni ó wà láàárín wọn. Ọjà kò dúró de àwọn obìnrin náà ní ọdún mẹ́fà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ àti ọmọ kò dúró dè wọ́n. Ó dájú pé ìpàdé wà tí òjò rọ̀ sí, àti èyí tí àwọn kan kò wá. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Bí a bá fi ojú kan wo ìtàn méjèèjì, a ó rí i pé kì í ṣe inú rere ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú rere ni ó mú omidan Amẹ́ríkà náà rékọjá òkun wá. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn obìnrin ọjà mọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún, wọ́n sì dúró tì í títí ó fi parí.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá ibi tí ó ti lè wúlò nínú ìlú ńlá, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi ohun tí ó wu òun fúnra rẹ̀. Kí ó wá ẹni tí ó ti ń ru ẹrù náà tipẹ́, tí ọrùn ti ń ro, kí ó sì bi í ní èyí tí ó kù. Ní ìlú àtijọ́ bíi Bẹẹrẹ, Mápó àti Ọjà'ba, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jìnnà rárá. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní mọ́gàjí tirẹ̀. Mọ́gàjí mọ opó tí kò ní ọmọ nítòsí. Ó mọ bàbá tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ń fi ọwọ́ tọ ògiri kí ó tó dé ilé ìwẹ̀. Ìmáàmù àdúgbò mọ irú wọn, àlùfáà ìjọ náà mọ̀ wọ́n. Arúgbó tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò sì mọ ìwé kà, ẹni tí yóò máa yà wò ó ní alẹ́ láti rí i pé èyí tí ó yẹ ni ó lò ni ó nílò, kì í ṣe ẹni tí yóò gbé àpò ìrẹsì wá fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. (Kò burú bí ìrẹsì náà bá tẹ̀ lé e.)

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tún wà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìbá wà lóko tàbí ní ìdí àtẹ sì rí ilé ìwé wọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ jókòó sí kíláàsì yàtọ̀ sí kí ó mọ̀wé. Níbi tí ọmọ bá ti pọ̀ ju àga lọ, olùkọ́ kan kò lè dá jókòó ti ẹni tí ó kù sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama lè lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tí ó wà lẹ́yìnkùlé wọn. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọlúwàbí, kí ó sì wí pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ọmọ wo ni ìwé kíkà ṣì ń nira fún, tí ẹ kò ráyè dá jókòó tì? Mo lè máa wá fún wákàtí méjì ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì."

Ọ̀gá náà lè wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kí ó má sì yára dáhùn. Ó ní ìdí. Irú rẹ̀ ti wá rí. Wọ́n wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta wọn kò yọjú mọ́, àwọn ọmọ sì jókòó dè wọ́n títí wọ́n fi ti ilé ìwé. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ẹnìkan ń bọ̀ wá jókòó ti òun, tí ẹni náà kò sì wá, ìbá sàn fún un kí ẹnikẹ́ni má ti ṣèlérí rárá. Ibi tí iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ti le jù ni ibí. Lóko, bí ènìyàn bá jẹ ọ̀wẹ̀ àna rẹ̀ níyà, ojú yóò tì í lọ́jà ní ọjọ́ kejì. Ní Ìbàdàn, ó lè wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà mìíràn, kí ó má sì bá ọ̀gá ilé ìwé náà pàdé mọ́ láyé. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò dá a lẹ́bi ni ó gbọ́dọ̀ máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Omi ni ó kọ́ Ìbàdàn ní ẹ̀kọ́ tí ó korò jù nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ìkún omi mìíràn tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 nínú ìlú náà, ó sì já afárá ní ibi púpọ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ igbe kò ní láti béèrè ibi tí òun yóò ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí kò ní ìpè ni ti oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí gọ́tà dákẹ́, tí ọ̀rá omi àti ike ń kó jọ sínú rẹ̀ láti Bẹẹrẹ lọ sí etí odò Kúdẹtì. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ó da ilẹ̀ sínú gọ́tà lórí òkè kò rí ojú ẹni tí omi yóò bá lórí ibùsùn nísàlẹ̀.

Ọ̀nà wà láti ṣe iṣẹ́ gọ́tà, ọ̀nà sì wà láti fi ṣeré. Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọn a kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí etí gọ́tà, wọn a kọrin, wọn a sì lọ sí ilé. Òjò àkọ́kọ́ yóò gbá gbogbo rẹ̀ padà sí ibi tí ó ti wá. Ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá lọ bá ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹnìkan ìbá sọ fún wọn pé ohun àkọ́kọ́ tí a nílò ni ọkọ̀ tí yóò kó ẹrẹ̀ náà lọ, kì í ṣe ṣọ́bìrì. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó kan ọ̀dọ́ náà ní ọdún yẹn ni kí ó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ nítorí ọkọ̀ ìkólẹ̀, kí ó sì máa lọ béèrè èsì lẹ́tà náà. Kò sí ẹni tí yóò kọrin fún un.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wúlò ní ọjọ́ ewu gan-an, kí ó kọ́ iṣẹ́ náà kí ewu tó dé. Àwọn tí ó farapa nínú ogun Solferino ní ọdún 1859 ni Henry Dunant, ará Switzerland, rí tí ó fi ronú kan ẹgbẹ́ Red Cross. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1960 fi ìdí ẹgbẹ́ náà múlẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ ti lè kọ́ bí a ṣe ń tẹ ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, àti bí a ṣe ń gbé ẹni tí egungun rẹ̀ kán tí a kò fi ní pa á lára sí i.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí: ìjọba ni ó yẹ kí ó gba olùkọ́ síi, kí ó la gọ́tà, kí ó tọ́jú arúgbó. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ọmọ ilé ìwé bo ojú ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jókòó ti ọmọ mẹ́ta ní ọjọ́ Ẹtì ogún ni yóò lè sọ fún ìjọba, pẹ̀lú ẹnu tí ó gbóná, ohun tí ó kù nínú kíláàsì náà. Àtakò mìíràn wúwo ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Bẹẹrẹ ni ó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, ìdí àtẹ ìyá wọn ni ó kàn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. Kò gbọdọ̀ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú igbá tòmátì lọ máa ṣe rere fún ará ìta. Wákàtí kan tí ó bá ṣẹ́ kù fún un nínú ọ̀sẹ̀ tó, bí ó bá lè pa á mọ́.

Ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra. Kí àwọn òbí rẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ àti ẹni tí ó ń lọ bá. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní kí ọmọ ilé ìwé kọ́kọ́ san owó kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, tí kò sì sí àgbàlagbà kan ní àdúgbò tí ó lè jẹ́rìí sí i, kí ó yẹra fún un.

Iṣẹ́ kan wà tí kì í pariwo rárá, tí kò sì hàn sí ẹni tí ó dúró ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀yìn ògiri ilé ìwòsàn ni ó wà, ní Adéọ̀yọ́ tí kò jìnnà, àti ní ilé ìwòsàn ńlá UCH tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Aboyún bí tán, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nílò ẹ̀jẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọlọ́kadà kan ti forí sọ ọkọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé rọ bí irin, inú ara ènìyàn nìkan ni ó ti ń wá, kò sì ṣeé tò pamọ́ bí ẹrù ọjà: gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi pa á mọ́ bá ti rí, ẹ̀jẹ̀ pupa kì í ju bí ọjọ́ 35 sí 42 lọ nínú ẹ̀rọ amúǹkantutù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń sọ fún ará ilé aláìsàn pé kí wọ́n lọ mú ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá ní ẹbí púpọ̀ yóò rí. Ẹni tí kò bá ní a máa wá àwọn tí ń ta ẹ̀jẹ̀ kiri, ẹni tí ó bá sì ń ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí ebi lè fi àìsàn tí ó wà lára rẹ̀ pamọ́ kí ó má bàa pàdánù owó náà.

Ẹ̀jẹ̀ tí ó dára jù ni èyí tí ẹni tí ara rẹ̀ le fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láìmọ ẹni tí yóò lò ó. Ẹni náà ní láti jẹ́ ọmọ ọdún 18 ó kéré tán, kí ó sì wọn tó kílógíráàmù 50. Àpò kan tó bíi mílílítà 450, ara a sì máa fi òmíràn dípò rẹ̀. Ọkùnrin lè tún fi sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé agbára wọn yóò tán, àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé wọ́n ó fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ṣe oògùn owó.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún 16 kò lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìwé rẹ̀, ó sì ní bàbá, ó ní àbúrò ìyá, ó ní ẹ̀gbọ́n tí ń ṣe mẹkáníìkì tí ara rẹ̀ le bí ọta. Ó lè fi sùúrù là á yé wọn ní ìrọ̀lẹ́, níta, níbi tí gbogbo agbo ilé ń jókòó sí. Bí ẹni méjì bá gbà nínú mẹ́wàá, kí ó bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, kí ó jókòó tì wọ́n títí abẹ́rẹ́ yóò fi jáde, kí ó ra ohun mímu tútù fún wọn bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, kí ó tún lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.